Owó Wa Tó Wà Nínú Káàdì, Ọwọ́ Ta Ló Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣéńjì ló bí i.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ẹ wọ táksì ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ̀ ń lọ sí Rodibúlọ́ọ̀kù. Ẹ na owó sí awakọ̀, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. Ó ní, "Ẹ̀yin àti màmá ẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ lọ pín in o." Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí wá dúró sí etí títì bí tọkọtaya tó ń jà, ẹ jọ di bébà owó kan ṣoṣo mú, ẹ ń bẹ ìyá alágbàdo pé kó bá yín ṣẹ́ ẹ. Ìyá ní òun kò ní í ṣẹ́ ẹ àfi bí ẹ bá ra àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ ṣe di owó àgbàdo. Aago ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kò sì mọ ọ̀rọ̀ àgbàdo. Ẹni tó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á fi bírò pupa kọ orúkọ rẹ̀.

A kò dá awakọ̀ lẹ́bi. Láti ìgbà tó ti gbé ọkọ̀ jáde ní aago márùn-ún àárọ̀, owó ńlá ńlá ni gbogbo èrò ń nà sí i. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Oǹdó sọ fún wa pé kí òun tó dé Ọ̀wẹ̀nà, òun á ti ja ìjà ṣéńjì méjì, bí òun bá sì fi àádọ́ta náírà sílẹ̀ fún èrò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ nítorí àlàáfíà, owó ọbẹ̀ ilé òun ló lọ yẹn.

Ní Èkó, wọ́n ti rí nǹkan ṣe sí i. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ BRT ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni èrò ń rà kí ó tó wọlé. Lónìí, káàdì ni. Cowry ni wọ́n ń pè é, LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà ní agbègbè Èkó, ló sì wà nídìí rẹ̀. Káàdì kan náà ni ẹ óò fi wọ BRT; òun ni ẹ óò fi wọ àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí Gómìnà Sanwo-Olu tú sójú ọ̀nà ní oṣù karùn-ún ọdún 2021; òun náà ni ẹ óò fi wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àti Red Line tó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. (Àwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú irin tí Òyìnbó fi sílẹ̀ kò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Káàdì náà kò tóbi ju káàdì báńkì lọ, kò sì ní bátìrì. Inú rẹ̀ ni wọ́n tẹ nǹkan tíńtín kan sí tó lè rántí iye, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Bí ẹ bá ti mú káàdì sún mọ́ ọn, agbára láti ara ẹ̀rọ náà ni yóò jí káàdì, àwọn méjèèjì á bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á yọ owó ọkọ̀, á dún "pí", ẹ ti wọlé nìyẹn. Bí owó inú rẹ̀ bá tán, ẹ kì í sọ ọ́ nù. Ẹ óò lọ bá ẹni tó ń kó owó sí i fún èrò ní ibùdókọ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù kó o sí i, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kó owó sí mítà iná. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, ẹ óò mú un kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ ń wọlé, ẹ óò tún mú un kàn án nígbà tí ẹ ń jáde, kí ó lè mọ ibi tí ẹ gùn ún dé.

Kò sí "ẹ jọ lọ pín in" níbẹ̀. Kò sí àgbàdo tipátipá. A kò ní parọ́ fún yín, nǹkan náà wù wá.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Owó ẹyọ ni Cowry. Òun ni àwọn bàbá ńlá wa fi ná ọjà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ kí owó Òyìnbó tó dé. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000, ẹrù tó tó gbé fún géńdé ọkùnrin. Ó wúwo, ó sì ń dá ni lágara. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Ẹni tó ní ọ̀kẹ́ owó ẹyọ nígbà náà, inú yàrá rẹ̀ ló wà. Bó bá ta jí lóru tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó lè nawọ́ kàn án. Cowry ti ayé ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ló wà lórí ike tó wà lápò yín. Owó gan-an ti wà ní báńkì ẹlòmíràn kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá wa dé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í fẹ́ dúró sí pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí akọ̀wé owó oṣù ṣe ń ṣírò. Kí á ní ìjọba wa tàbí iléeṣẹ́ kan mú irú káàdì yìí wá sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó lọ́la, kí 20,000 ènìyàn, ọ̀kẹ́ kan géérégé, sì gbà á. Kí olúkúlùkù ní ₦2,000 tó jókòó sínú tirẹ̀, tí kò tíì fi wọ ọkọ̀. ₦40,000,000 nìyẹn. Ọkọ̀ kò tíì yí táyà. Bí iléeṣẹ́ bá lọ yá irú owó bẹ́ẹ̀ ní báńkì, yóò san èlé, yóò wá onídùúró, yóò tọwọ́ bọ ìwé. Lọ́wọ́ wa ńkọ́? Àwa òṣìṣẹ́ ni a yá a, láìgba èlé, láìsí onídùúró, àwa kan náà tí a ń yá owó lọ́wọ́ ara wa kí oṣù tó parí. Bí ẹnì kan bá sì sọ káàdì rẹ̀ nù, tó kú, tàbí tó kó lọ sí ìlú mìíràn, ta ni owó rẹ̀ di?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àròsọ ni. Káàdì Oyster tí wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Kí ọdún 2019 tó parí, owó tó sùn sínú àwọn káàdì náà ti ju mílíọ̀nù 300 pọ́ùn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ti gbàgbé káàdì sínú àpótí. Ẹni tó bá béèrè tirẹ̀, wọ́n ń dá a padà fún un, a gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn sí ojú rere wọn. Ẹni tí kò bá béèrè ńkọ́? Owó rẹ̀ ń sùn níbẹ̀ ni, kò sì sùn fún ẹlòmíràn.

Gbogbo wa la mọ alájọ. Alájọ ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù, a sì mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyàwó rẹ̀, a mọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tó ń lọ. Síbẹ̀ àwọn kan ti sá lọ rí. Àwọn àgbà inú wa sì rántí àwọn iléeṣẹ́ elówó èlé tó gba owó àwọn ènìyàn tó sì wó lulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1993. Nítorí náà, bí káàdì bá máa dé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tàbí ayẹyẹ ìṣíde. Ìwé báńkì ni. Owó èrò gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì tirẹ̀, tí a kò gbọ́dọ̀ fi ra dísù, tí a kò gbọ́dọ̀ fi san owó oṣù ọ̀gá, tí iléeṣẹ́ bá sì wó, kí ó jẹ́ ti èrò, kó má jẹ́ ti ẹni tí iléeṣẹ́ jẹ ní gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ padà, kó gbà á ní ọjọ́ náà, ní gárèèjì níbẹ̀, kí wọ́n má ní kó lọ kọ lẹ́tà sí Èkó.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé kí á gbá owó ọwọ́ lọ pátápátá. Kí wọ́n rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì àgbà orílẹ̀-èdè yí àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Wọ́n ní àwọn ti àtijọ́ kò ní í wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, títuntun kò sì kárí. Owó oṣù wà ní báńkì, a kò rí i gbà. A fẹsẹ̀ rìn láti Ìsínkàn dé Alágbàkà. Ọ̀kan nínú wa ṣe tíránsífà fún awakọ̀. Báńkì yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù awakọ̀ kò dún. Awakọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. Ọjọ́ kẹta ni owó náà tó dé, nígbà tí awakọ̀ àti èrò ti bú ìyá ara wọn tán. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà.

Ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́ níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn mu. Èkíní ni pé owó bébà lè di àwátì nínú ọ̀sẹ̀ kan bí àwọn tó wà lókè bá fẹ́, nígbà náà, ẹni tó ní káàdì ọkọ̀ tí owó wà nínú rẹ̀ ì bá máa gùn ún lọ. Èkejì ni pé ohun tó bá gbára lé nẹ́tíwọ̀kì, ọjọ́ tí gbogbo ayé bá nílò rẹ̀ ló ń kú. Káàdì tí wọ́n bá ṣe dáadáa kò nílò láti pe báńkì kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Iye tó kù wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ sì lè kà á bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá tilẹ̀ sí láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wẹ̀nà. Kí ẹgbẹ́ béèrè irú èyí. Kí owó ọwọ́ má sì kúrò nílẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ tó ti oko jáde ní Ọ̀wẹ̀nà pẹ̀lú iṣu lórí, tó ń lọ sí Yábà ní Oǹdó, ẹ kò lè ní kó dúró sójú títì nítorí kò ní ike.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì wọn kò gba owó ọwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tó dára: bí owó inú Oyster kò bá tó, ẹ̀rọ yóò jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì yọ gbèsè náà nígbà tí ẹ bá tún kó owó sí i. Obìnrin tó parí iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá òru kò ní í sùn sí ìdúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Iṣẹ́ alẹ́ wà nílẹ̀ wa náà.

Ọdún 2014 yẹn kan náà ni ìjọba Kẹ́ńyà pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù keje, kí àwọn matatu, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké wọn, má gba owó ọwọ́ mọ́. Àṣẹ náà kò múlẹ̀. Káàdì BebaPay tí Google àti Equity Bank gbé jáde ní ọdún 2013, ọdún 2015 ni wọ́n ti pa á tì. Ní Kigali, olú-ìlú Rwanda, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tap&Go ní ìparí ọdún 2015, ó sì dúró. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní ojú tiwa, ní Nairobi wọ́n gbé káàdì fún èrò láì kọ́kọ́ yanjú bí awakọ̀ àti kọ́ndọ́ yóò ṣe jẹun. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra epo, òun ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán, òun ni owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ẹ gba owó náà lọ́wọ́ wọn ní òwúrọ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró títí báńkì yóò fi san án. Ta ni yóò gbà?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa, ilé ẹgbẹ́ la wà. A mọ̀ pé àwọn awakọ̀ kan tó ń ka ìwé yìí ti ń fajú ro. Awakọ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ó ń jẹ́ iye kan fún un lójoojúmọ́, tàbí ó gbà á ní háyà pọ́sìsì, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo ló ń gbé lọ sílé. Kò sí ẹni tó mọ iye tó ṣẹ́ kù àyàfi òun àti Ọlọ́run. Ẹ̀rọ káàdì yóò sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́kọ̀ á ní, "Áà, bí o ṣe ń pa tó yìí lójúmọ́?" Lọ́la ó ti fi owó kún ohun tí ẹ ń jẹ́ fún un. Èyí ni ẹ̀rù tó wà nílẹ̀, kì í ṣe pé awakọ̀ kò lajú.

Àwa kò gbà pé kí á ti ìtorí bẹ́ẹ̀ kọ káàdì. Ṣùgbọ́n a kò gbà kí káàdì dé kí ìwé iṣẹ́ tó dé. Ní BRT Èkó, owó oṣù ni awakọ̀ ń gbà, kì í ṣe ohun tó ṣẹ́ kù. Bí ìjọba tàbí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ mọ gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé, kó gba awakọ̀ síṣẹ́ bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, pẹ̀lú owó oṣù, ìsinmi, owó ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì. Kò lè mọ gbogbo èrè kó má mọ òṣìṣẹ́.

Kọ́ndọ́ àti agbèrò ńkọ́? Táksì Àkúrẹ́ kò ní kọ́ndọ́, ìyẹn dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo gárèèjì ní àárọ̀, ẹni tó ń pe èrò, ẹni tó ń gba owó, ẹni tó ń kọ orúkọ, gbogbo wọn ló ní ilé. London Transport ránṣẹ́ lọ sí Barbados láti ọdún 1956 lọ gba àwọn ènìyàn dúdú wá síṣẹ́ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe kọ́ndọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ onílé méjì ti àtijọ́ tó ní kọ́ndọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà 159, ìyẹn ọ̀nà tó gba Brixton kọjá. Kì í ṣe káàdì nìkan ló pa iṣẹ́ kọ́ndọ́. Awakọ̀ nìkan ti ń dá bọ́ọ̀sì wà tipẹ́. Àmọ́ káàdì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wọn mọ́. Bí tiwa bá máa dé, àwọn tó wà ní gárèèjì báyìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ láti máa kó owó sí káàdì, láti máa ran àwọn àgbà lọ́wọ́, láti máa yẹ èrò wò. Kí wọ́n má lọ kó ọmọ ẹlẹ́gbọ́n ọ̀gá wá láti òde, kí wọ́n wọ aṣọ tuntun fún un, kí àwọn tó ti jẹ eruku ibẹ̀ fún ogún ọdún máa wò ó.

Èrè kan wà nínú káàdì tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ gbẹ́nu sókè ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ tirẹ̀ sí ìdajì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n sì tún gé ìdá kan nínú mẹ́rin ní oṣù kejì ọdún 2024. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń yọ owó, wọ́n á sọ fún ẹ̀rọ pé kó yọ ìdajì, ó parí, ẹni tó wọ ọkọ̀ ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fi owó ran ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ níbi tí owó ọwọ́ nìkan wà, ẹ̀yin ẹ sọ fún wa, ìgbà wo ni ó dé ọ̀dọ̀ wa rí? Iléeṣẹ́ náà lè máa kó owó ọkọ̀ sínú káàdì òṣìṣẹ́ aláṣemọ́jú, kí ó má pa á pọ̀ mọ́ owó oṣù kí á má mọ èwo lèwo. A ti rò ó pé kí ẹgbẹ́ fi ìyẹn sínú ohun tí yóò bá àwọn ọ̀gá jíròrò, yálà káàdì dé tàbí kò dé.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a óò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Àwọn ará Oǹdó, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ará Àkúrẹ́ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ bíi ti ìgbà tó kọjá. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wá, ẹ má rán ènìyàn. Ẹni tó bá sì ti wọ BRT tàbí ọkọ̀ ojú irin ní Èkó nínú yín, tí káàdì Cowry rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ mú un dání wá kí á fi ojú ara wa rí i, kó sì sọ fún wa iye tó kù nínú rẹ̀ àti ìgbà tó ti kù ú síbẹ̀.